Kọ̀ǹpútà kékeré tí kì í pariwo, fún gbígbọ́ orin nínú pálọ̀

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Bàbá mi ní àwo orin bí 300, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ àpàlà àti jùjú tí wọ́n rà láàárín ọdún 1965 sí 1985, mo sì ti fi ọdún kan àbọ̀ gbà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi àtijọ́ ni a so mọ́ amplifier wọn báyìí. Lọ́sàn-án, kò sí wàhálà kankan. Ṣùgbọ́n àárọ̀ kùtùkùtù, lẹ́yìn àdúrà, ni Bàbá máa ń gbọ́ orin, wọn kì í sì í fẹ́ kó ròkè. Ìgbà náà gan-an ni fáànù kọ̀ǹpútà yìí máa ń fẹ́ hùù, tí ohùn àgídìgbo nínú orin Hárúnà Ìṣọ̀lá á sì rì sábẹ́ rẹ̀. Bàbá kò ráhùn. Wọ́n kàn sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àwọn ń gbọ́ afẹ́fẹ́ nínú orin tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí àwọn ra àwo náà. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Mo ń wá kọ̀ǹpútà kékeré tí kò ní fáànù rárá, tí a lè tan láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí Bàbá á sì lè fi fóònù wọn yan orin láti orí àga tí wọ́n jókòó sí. Iná ọba kì í dúró ládùúgbò wa, inverter tí a ní kò sì ju bátìrì kan lọ, nítorí náà n kò fẹ́ ohun tí yóò máa jẹ iná. FLAC, irú fáìlì tí kì í gé ohunkóhun kúrò nínú ohùn, ni gbogbo fáìlì náà, wọ́n sì tó 80 gígábáìtì lápapọ̀. Mo ti rí Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà tí gbogbo rẹ̀ kò ju pátákó kékeré kan lọ, mo sì ti rí àwọn kọ̀ǹpútà kékeré onígun mẹ́rin tí wọ́n fi ọpọlọ Intel N100 sí. Èwo ni kí n rà, kí sì ni kí n ṣọ́ra fún?

Onírédíò

Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ bá mi ṣe ìdánwò yìí: ẹ pa kọ̀ǹpútà náà pátápátá, ẹ tan amplifier nìkan, kí ẹ sì fetí sí i, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí iná ọba bá wà, lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ẹ bá wà lórí inverter. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé inverter olówó pọ́ọ́kú kì í fúnni ní iná tó ń lọ sókè sódò wọ́ọ́rọ́wọ́ bíi ti iná ọba. Ṣe ni tirẹ̀ máa ń fò láti ìpele kan sí èkejì bí àtẹ̀gùn, irú iná bẹ́ẹ̀ sì máa ń mú kí transformer inú amplifier àtijọ́ máa kùn bí oyin. Mo ti rí àwọn tó pààrọ̀ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀mejì nítorí ariwo tí kò ti inú kọ̀ǹpútà wá. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tiyín, inverter tí wọ́n kọ pure sine wave sí lára nìkan ló lè wo àìsàn yẹn.

Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń pariwo lóòótọ́, Raspberry Pi 4 tó ní mẹ́mọ́rì 2 gígábáìtì ti tó fún orin, kódà ó ṣẹ́kù. Ẹ má torí pé Pi 5 ti ọdún 2023 ló tuntun kí ẹ rà á; ó máa ń gbóná ju Pi 4 lọ, wọ́n sì ti yọ ihò earphone kúrò lára rẹ̀. Ihò yẹn lára Pi 4 pàápàá, n kò ní gbà yín níyànjú láti lò ó, torí ariwo súúsúú máa ń wà lábẹ́ ohùn rẹ̀, ìyẹn gan-an sì ni ẹ ń sá fún. Ẹ ra DAC kékeré tí à ń kì bọ USB, kí ó jẹ́ òun ni yóò máa sọ nọ́ńbà inú fáìlì di ohùn fún amplifier. Kí Pi náà wà nínú àpótí alumíníọ̀mù tó fara kan ọpọlọ rẹ̀, kí ara àpótí lè máa gbé ooru jáde láìsí fáànù.

Iná tó ń lọ lójijì ló ń pa Pi nílùú wa. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan sórí káàdì ìrántí, káàdì lè bàjẹ́, ẹ̀rọ náà kò sì ní jí mọ́. Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ràn piCorePlayer, ètò tó ń sọ Pi di ẹ̀rọ orin: bó bá ti tàn, inú mẹ́mọ́rì ló máa ń kó ara rẹ̀ sí, kì í sì í kọ ara rẹ̀ sórí káàdì mọ́ àfi bí a bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Lyrion Music Server, ètò tó ń to orin tó sì ń kọ ọ́, tó ń jẹ́ Logitech Media Server tẹ́lẹ̀, máa ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, Bàbá á sì lè yan orin lórí fóònù wọn. Kí àwọn orin fúnra wọn wà lórí SSD, ìyẹn dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, tí ẹ so mọ́ USB. Ẹ má lo hard disk tó ń yí, torí òun náà ní ohùn tirẹ̀.

Ọmọ Ìkẹjà

Mo bá Onírédíò lọ lórí ọ̀rọ̀ inverter, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ sà, n kò bá yín lọ lórí Pi. Bí a bá ṣírò Pi, DAC, àpótí, ṣájà gidi àti SSD pọ̀, iye rẹ̀ kì í sábà jìnnà sí ti odindi kọ̀ǹpútà tokunbo, wáyà tó so wọ́n pọ̀ á sì ti di márùn-ún lẹ́yìn amplifier Bàbá.

Ọ̀gá mi Ọmọ Òkè-Àdó, bí ẹ bá dé Computer Village, ẹ béèrè thin client. Kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ń tò sórí tábìlì òṣìṣẹ́ ni, wọ́n sì ń pa wọ́n tì nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Dell Wyse 5070 ni mo ń lò ní yàrá tèmi. Kò ní fáànù kankan. Ara rẹ̀ ló fi ń lé ooru jáde. Ọpọlọ Celeron J4105 tàbí Pentium Silver J5005 ló máa ń wà nínú rẹ̀, méjèèjì ju ohun tí orin nílò lọ fíìfíì. Ẹ ṣọ́ra níbi SSD: irú SSD tí wọ́n ń pè ní M.2 SATA ni ihò inú rẹ̀ ń gbà, èyí tí wọ́n kọ NVMe sí lára kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn tó ń tà á kì í sì í rántí sọ fún èèyàn. 256 gígábáìtì á gba gbogbo àwo Bàbá, àyè á tún ṣẹ́kù fún ti àwọn ọ̀rẹ́ wọn.

Ní ti iná, bó bá ń kọrin nìkan, wáàtì bíi 5 sí 7 ló ń jẹ lọ́wọ́ mi. Ká ní ó jẹ́ 5, tí ẹ kò sì pa á láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ mọ́jú, 120 wáàtì-wákàtí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ bátìrì oní-12 fọ́ọ̀tì tí wọ́n kọ 200 Ah sí ń gbé nǹkan bíi 2400. Ìdá kan nínú ogún ni. Amplifier ni yóò jẹ ju ú lọ.

N100 kò burú, wáàtì 6 ni Intel kọ fún un, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn àpótí kékeré tí wọ́n fi í sí ló ní fáànù kékeré. Fáànù kékeré gbọ́dọ̀ yí kíákíá kó tó lè gbé ooru tí fáànù ńlá ń rọra gbé, ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi máa ń tín-ín-rín tó sì máa ń gúnni létí. Bí eruku ọyẹ́ bá tún wọ̀ ọ́, láàárín ọdún kan ẹ ó máa gbọ́ ọ láti kọ́rídọ̀.

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọmọ Òkè-Àdó. Gbígba àwo 300 kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, mo mọ̀ ọ́n torí mo ti gba ti màmá mi. Nǹkan méjì ló kù tí ẹ kò tíì mẹ́nu bà, kò sì sí èyí tó kan irú kọ̀ǹpútà tí ẹ rà nínú méjèèjì.

Àkọ́kọ́ ni pé ojú kan nínú àwo jùjú lè máa lọ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 láìdúró, tí orin kan á máa wọ inú èkejì, tí ìlù kò sì ní já. Bí ẹ bá ti gé ojú àwo bẹ́ẹ̀ sí fáìlì mẹ́rin, ẹ̀rọ tó bá ń mí díẹ̀ láàárín fáìlì kan sí èkejì á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. FLAC kò ní àléébù yìí nínú ara rẹ̀, ó yàtọ̀ sí MP3 tó máa ń fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ díẹ̀ kún ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin fáìlì, ṣùgbọ́n ètò tó ń kọ orin náà gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń so wọ́n pọ̀. Lyrion mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ dán ojú àwo Ebenezer Obey tàbí Sunny Adé kan wò kí ẹ tó fi lé Bàbá lọ́wọ́.

Èkejì ni àmì ohùn. Ẹni tó kọ ìbéèrè yín báyìí á ti kọ orúkọ àwọn olórin pẹ̀lú àmì tó péye, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà bíi ọ̀ ju ẹyọ kan lọ: ó lè jẹ́ ọ tí a gbé àmì ohùn ìsàlẹ̀ lé lórí, ó sì lè jẹ́ ò tí a wá fi ẹ̀sẹ̀ sí lábẹ́. Ojú wa kò rí ìyàtọ̀ kankan, àmọ́ ètò tó ń to orin lè kà wọ́n sí orúkọ méjì. Hárúnà Ìṣọ̀lá méjì ló wà lórí fóònù mi fún oṣù mẹ́ta, ọ̀kan ní àwo mẹ́fà, èkejì ní mẹ́rin, torí pé fóònù ni mo fi kọ àwọn kan, kọ̀ǹpútà ni mo fi kọ ìyókù. MusicBrainz Picard, ètò tí a fi ń tún orúkọ inú fáìlì orin kọ, ni mo fi tún un ṣe: mo mú gbogbo fáìlì olórin kan pa pọ̀, mo tẹ orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì fi pamọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí ẹ yọ àmì ohùn kúrò kó lè rọrùn. Orúkọ wọn nìyẹn.

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ ṣeun gidigidi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ṣe ìdánwò Onírédíò lóru àná. Nígbà tí iná ọba wà, amplifier dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tí a bọ́ sórí inverter, ó ń kùn gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí. Ariwo méjì ló wà nígbà náà, ọ̀kan nínú fáànù, ọ̀kan nínú inverter, n kò sì mọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Owó kò tó fún méjèèjì lóṣù yìí, nítorí náà Wyse ni mo máa kọ́kọ́ rà, inverter á tẹ̀ lé e. Ṣé ibì kan wà tí n kò gbọ́dọ̀ gbé e sí?

Onírédíò

Wyse náà dára, n kò bá Ọmọ Ìkẹjà jà. Ẹ má gbé e lé orí amplifier, torí ooru amplifier á máa gun òkè wọ inú rẹ̀, ẹ má sì tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Kí kọ̀ǹpútà àti amplifier jọ gba iná láti ara extension kan náà. Bí wọ́n bá wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ohùn kíkùn mìíràn lè gba ara wáyà wọlé, ẹ ó sì tún máa wá ẹ̀bi sí ibòmíràn.

Ọmọ Òkè-Àdó

Ó ti wọlé láti ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ni mo gbé e sí. Bàbá ti mọ bí a ṣe ń yan orin lórí fóònù, olórin mọ́kànlá ni mo sì bá tí orúkọ wọn pín sí méjì gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ìbejì ti sọ. Ojú kìíní àwo Obey kan ṣoṣo ló ṣì ń já láàárín. Mo fetí sí fáìlì náà dáadáa, mo sì rí i pé èmi ni mo gé ibẹ̀ jù nígbà tí mo ń gbà á, kì í ṣe ẹ̀rọ. Màá tún un gbà lọ́jọ́ Sátidé, bí iná ọba bá wà.