"Agbawèrèmẹ́sìn" ń ṣègbè fún apànìyàn

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé lánàá ní ká kúkú fọwọ́ sí "agbawèrèmẹ́sìn" fún ẹni tó ń torí ẹ̀sìn pààyàn, torí pé àwọn oníwèé ìròyìn ti ń lò ó. Lóòótọ́ ni wọ́n ń lò ó. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká tú u wò ná: a-gba-wèrè-mọ́-ẹ̀sìn. Wèrè ló ru ẹ̀bi yẹn. Bẹ́ẹ̀ wèrè kì í jẹ́jọ́ nílẹ̀ wa; bó bá fọ́ ìkòkò ọlọ́kà, àwọn ará ilé rẹ̀ là ń wá lọ.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ní Shehu Shagari College of Education ní Sókótó, wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan sọ̀rọ̀ àbùkù sí Ànọ́bì lórí WhatsApp kíláàsì wọn. Wọ́n sọ ọ́ lókùúta pa, wọ́n sì dáná sun ún. Ọkùnrin kan jáde nínú fídíò, ó na páálí ìṣáná sókè, ó ní òun wà lára àwọn tó ṣe é. Orí ẹni yẹn pé. Wèrè kan wà ládùúgbò wa tó máa ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ láràárọ̀. Kò gbá ẹnikẹ́ni létí rí. Kí ló ṣe tá a ó fi fi àìsàn rẹ̀ sọ oníṣáná lórúkọ?

"Onítara ẹ̀sìn" náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìtara ló ń gbé ìyá mi lọ ìṣọ́ òru, òun náà ló ń jí bàbá onílé wa kírun lóru.

Èmi mú "afẹ̀sìnpààyàn" wá: a-fi-ẹ̀sìn-pa-ènìyàn. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní "fi" ti sọ ẹ̀sìn di àdá lásán, bí ẹni pé apànìyàn náà kò gba ohunkóhun gbọ́. Ó gbà á gbọ́, tọkàntọkàn ni, ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Bí ẹ bá bi í, "torí ẹ̀sìn" ló máa wí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí òun fi ń gbèjà ara rẹ̀ kọ́ ló yẹ ká fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwa tá a rí òkú ọmọ ọlọ́mọ nílẹ̀, "fi" la rí.