Crabapple wo ló bá iwájú ilé tó há mu?

OlóògbàMD: Ẹ kú iṣẹ́ o. Maryland ni. Láti ògiri dé ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 14. Mò ń wá crabapple, igi olódòdó tó jẹ́ ìbátan ápù tí èso rẹ̀ kéré, tí kò ní bo fèrèsé, tí èso rẹ̀ ò sì ní máa jábọ́ kó di ẹrẹ̀. Wọ́n ní kí n ra oríṣi kan tó ń jẹ́ Sargent. Ṣé ó lè ran igi ápù kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìnkùlé lọ́wọ́? Ó ń tanná, kì í so.

Ìyá Eléwéko: Sargent náà ni kẹ́ ẹ mú. Láti Japan ló ti wá. Charles Sargent ti Arnold Arboretum, ọgbà igi kan ní Boston, ló kó irúgbìn rẹ̀ dé lọ́dún 1892. Ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 8 ló sábà ń ga, àmọ́ ó fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ, ó lè tó 12. Àárín gbùngbùn ni kẹ́ ẹ gbìn ín sí, ẹ má fi í ti ògiri. Ìrudi rẹ̀ a pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, bó bá là tán a funfun báláú. Èso rẹ̀ ò ju hóró ẹ̀wà lọ, ẹyẹ ló ń ṣà á jẹ. Fún jáàmù, John Downie, oríṣi crabapple mìíràn, ni kẹ́ ẹ wá.

Ti ápù: oyin lè gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó crabapple lọ síbẹ̀ kó lè so, bí àwọn méjèèjì bá jọ tanná. Sargent máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó là. Ẹ kọ ọjọ́ tí ápù yín tanná sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó náwó.

Bàbá Ọkọ́: Kí ihò fẹ̀ tó ìlọ́po méjì ìkòkò rẹ̀, kó má jìn jù ú lọ. Ibi tí ìdí igi ti ń fẹ̀ di gbòǹgbò gbọ́dọ̀ hàn lókè ilẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rì í, èèpo á jẹrà. Gbòǹgbò tó bá ti lọ́ mọ́ra nínú ìkòkò, ẹ fi ọ̀bẹ là á. Ẹ tẹ́ èèpo igi lílọ̀ sí i ní íǹṣì 2 sí 3, ẹ má kó o jọ bí ebè iṣu sí ìdí igi! Gálọ́ọ̀nù omi 5, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ bí òjò ò bá rọ̀.

Bí òdòdó bá ti rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gé ẹ̀ka, kó tó di ìdajì oṣù kẹfà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìrudi ọdún tó ń bọ̀ lẹ̀ ń gé. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n lọ́ mọ́ gbòǹgbò igi mìíràn, èhù ìdí rẹ̀ kì í ṣe Sargent, ẹ fà á tu.

Adúláwọ̀ewé: Ẹ wo ara igi redcedar àdúgbò, igi tí ewé rẹ̀ máa ń tutù yọ̀yọ̀ lọ́dún yípo. Tí òjò oṣù kẹrin bá ti pa kókó, ìyẹn ibi tó wú líle lára ẹ̀ka rẹ̀, á yọ ìwo aláwọ̀ ọsàn, tó ń yọ̀ bí ilá. Àrùn tó ń fi àmì pupa rúsúrúsú sára ewé crabapple nìyẹn. Ẹ gé kókó náà ní ìgbà òtútù. Gígé igi redcedar tiyín nìkan ò tó, atẹ́gùn ń gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn.