Ariwo sólà nínú rédíò AM: ẹ̀gbẹ́ wo ni kí n fi òrùka ferrite sí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ rédíò. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Ariwo kan máa ń bo AM mọ́lẹ̀ láti àárọ̀. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ó dákẹ́. Mo pa gbogbo iná ilé láti ìdí mítà, rédíò oníbátìrì ṣì ń hó.

Rédíò yẹn náà ni mo fi tọpa rẹ̀. Mo tún un sí ibi tí iléeṣẹ́ rédíò kankan kò ti ń sọ̀rọ̀ lórí AM, mo wá ń yí rédíò náà fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pá ferrite (ohun dúdú tó ń fa mágnẹ́ẹ̀tì) inú rẹ̀ ló ń gba AM, kì í ṣe eriali ẹ̀yìn. Bí orí ọ̀pá náà bá kọjú sí orísun ariwo, ariwo á rọlẹ̀. Ó lè jẹ́ iwájú, ó lè jẹ́ ẹ̀yìn, nítorí náà mo tún un ṣe níbòmíràn. Ilé aládùúgbò tó ní sólà ni ìlà méjèèjì tí ọ̀pá náà tọ́ka sí ti pàdé. Lẹ́bàá wáyà tó ti orí òrùlé sọ̀kalẹ̀ wá sídìí kọntírólà (ẹ̀rọ tó ń darí iná láti páànẹ́lì lọ sínú bátìrì), ńṣe ló ń ta bí epo àkàrà.

A ti lọ́ wáyà páànẹ́lì méjèèjì pọ̀. Ó dín kù díẹ̀. Mo ki wọ́n gba inú òrùka ferrite, èyí tó ń dí ariwo lọ́nà nínú wáyà, lẹ́ẹ̀kan, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bí wọ́n bá gba inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta (ìyípo 3), yóò lágbára tó ìlọ́po 9 ti ẹ̀ẹ̀kan, ṣùgbọ́n wáyà 6 mm² le, òrùka kan ṣoṣo ni mo sì ní.

Ṣé ẹ̀gbẹ́ páànẹ́lì lára kọntírólà ni kí n fi í sí, àbí ẹ̀gbẹ́ bátìrì? Mo dúpẹ́ o kí ẹ tó dáhùn.