Nọ́ńbà 17 inú rẹ́jísítà wa

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo ti ka ìròyìn tí olúkúlùkù wa ń kọ nípa ara rẹ̀, inú mi sì dùn sí ẹni tí ó di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, sí ẹni tí ọmọ rẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé àti sí ẹni tí ó ṣílé lọ́dún yìí. Èmi náà fẹ́ sọ tèmi, ṣùgbọ́n ó kù ẹnì kan tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ni tiwa, kọ́lẹ́ẹ̀jì Grade Two kan, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ tisà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́, kí wọ́n tó yọ Èkìtì kúrò lára rẹ̀ ní 1996. Ọdún 1977 ni a wọlé, ọdún kan lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò UPE, ìyẹn ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ, nígbà tí àwọn ọmọ ń rọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí tisà kò sì tó wọn. Nígbà tí àwa 38 jáde ní 1982, abúlé olóko ni wọ́n pín mi sí. Ẹní ni a fi pín kíláàsì méjì níyà nínú yàrá kan ṣoṣo, bí ọ̀sẹ̀ bá sì ti ń parí lọ ni mo máa ń kó àwọn ọmọ jọ láti gún èédú pọ̀ mọ́ ewé, kí a lè fi kun pátákó kí ó dúdú de ọjọ́ Ajé.

Nígbà tí ó yá, ìjọba sọ pé NCE, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni àgbà, ni ìwé ẹ̀rí tí ó kéré jù lọ tí tisà gbọ́dọ̀ ní, wọ́n sì ti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì bíi tiwa pa. Mo forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ National Teachers' Institute, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba fún àwọn tisà, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Kàdúná. Mo ń pọn ọmọ mi kẹrin lọ sí ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Sátidé títí mo fi gba ìwé ẹ̀rí náà ní 1998. Mo fẹ̀yìn tì ní 2017 nígbà tí mo pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́. Òfin tí ó sún iṣẹ́ tisà dé ọdún 40 kò jáde àfi ní 2022, kò bá irú wa níbẹ̀. Tèmi kò jù báyìí lọ.

Níbi ìpàdé wa tí ó kọjá, olórí kíláàsì wa yọ rẹ́jísítà àtijọ́ jáde, ó sì ń pe orúkọ gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń pè é. Ẹni tí ó bá wà á dáhùn pé, "Mo wà, sà," á sì sọ ohun tí Ọlọ́run ti ṣe fún un. Bí ó bá kan olóògbé, gbogbo wa á dìde láì sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni a dìde. Nígbà tí ó dé orí nọ́ńbà 17, ẹnì kan dáhùn láti ẹ̀yìn pé ọkùnrin náà wà láàyè, ṣùgbọ́n kò wá, nítorí ó ní kí ni òun fẹ́ wá sọ láàárín àwọn tí ó ti di ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn, nítorí òun ni ó kọ́ mi bí a ṣe ń kọ̀wé lójú pátákó tí ìlà kò fi ní wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo lọ bá a lóko. Ó ń tú kòkó ká lórí ẹní nínú oòrùn. Mo kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ó wò mí títí, ó wá fi orúkọ tí wọ́n ń pè mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì dá mi lóhùn. Ó ní nígbà tí owó oṣù ń fi oṣù mẹ́ta jókòó, tí bàbá òun sì kú, ni òun fi iṣẹ́ tisà sílẹ̀. Lára ògiri ilé rẹ̀ ni ó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye àpò kòkó àti ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ. Mo dúró tì í, mo sì wò ó dáadáa: ìlà kan kò wọ́ níbẹ̀.

Ó sọ fún mi pé àrùn rọpárọsẹ̀ gbé ìyàwó òun ṣánlẹ̀ fún ọdún méjì, ṣùgbọ́n ó ti ń fi ọ̀pá rìn wá sóko báyìí, àti pé àbígbẹ̀yìn wọn tí ó kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ti ṣe fíríídọ̀mù. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí kò ka nǹkan kan sí ìròyìn. Ṣé àwa tí a pàtẹ́wọ́ fún ọ̀mọ̀wé kò lè pàtẹ́wọ́ fún obìnrin tí ó tún ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn? Èmi pàtẹ́wọ́ fún wọn níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó tí ó ń sá.

Mo ti bá olórí kíláàsì sọ̀rọ̀, ó sì ti kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà 17 pé ìyàwó rẹ̀ ti dìde, ọmọ rẹ̀ sì ti gba òmìnira iṣẹ́. Ó ku nọ́ńbà 5 àti nọ́ńbà 29 tí a kò gbúròó. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí wọ́n wà, kí ó jọ̀wọ́ júwe rẹ̀ fún mi. Bí kò bá jìnnà ju Àkúrẹ́ lọ, mo lè wọkọ̀ débẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí.