Bọ́ńpà àti ilẹ̀kùn mọ́tò mi tẹ̀ wọlé, ṣé mo lè tún un ṣe nílé?

Ọmọ Tankẹ: Ẹ kú ọjọ́ o ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa mọ́tò. Ọlọ́kadà kan ló gbá mi lẹ́yìn nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ ọ̀nà Tankẹ nírọ̀lẹ́ àná, bọ́ńpà ẹ̀yìn tẹ̀ wọlé bí abọ́, hándù ọ̀kadà ẹ̀ tún kan ilẹ̀kùn ọ̀tún, ibẹ̀ náà wọnú díẹ̀ àmọ́ ọ̀dà ò ṣí. Pánẹ́lì bítà tí mo fi hàn ní òun á lẹ fílà, ìyẹn lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń dí ojú ibi tó tẹ̀, òun á tún fọ́n ọ̀dà sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, owó tó pè kọjá agbára mi. Wọ́n ní omi gbígbóná lè dá a padà, ṣé òótọ́ ni? Corolla ni o.

Bọ̀dá Gáà Akanbí: Bọ́ńpà yẹn ò le rárá, àbúrò. Ike ni, kì í ṣe irin, tí ooru bá mú un á rọ̀, á sì fẹ́ padà sí bí wọ́n ṣe ṣe é. Se omi kó hó yàà, rọra máa dà á sójú ibi tó tẹ̀ àti etí ẹ̀ yí ká, má rò pé kẹ́tùrù kan á tó o, dà á títí á fi rọ̀, wá wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn kó o ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀, kó o máa tì í síta láti etí wá sí àárín. Wàá gbọ́ "pó!" tó bá jáde. Ojú ẹsẹ̀ ni kó o da omi tútù sí i kó lè le bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán gangan ni kó o ṣe é, tí oòrùn Ìlọrin bá ti yan án dáadáa, tórí láàárọ̀ ọyẹ́ ike lè là. Má sì jẹ́ kí wọ́n gbé iná gáàsì sí i, ọ̀dà á wú.

Ọmọ Òmù-Àrán: Ilẹ̀kùn ńkọ́? Ẹ má da omi gbígbóná síbẹ̀ o, irin kì í rọ̀ nínú omi tó ń hó. Tó bá fẹ̀ tí ò jìn, ẹ fi rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣí sinkì tó dí fà á, ẹ kọ́kọ́ fi omi rin ín kó lè mú. Tó bá jẹ́ pé ó ní ojú ìlà tó mú, tàbí orí etí ilẹ̀kùn ló wà, kò ní jáde bẹ́ẹ̀.

Bàbá Gáréèjì Ọ̀fà: Iṣẹ́ mi nìyí látọdún pípẹ́, ẹ gbọ́ mi. Kẹ́ ẹ tó fa ohunkóhun, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé òòfà kẹ́ ẹ gbé e káàkiri ilẹ̀kùn yẹn. Tí ò bá lẹ̀ mọ́ ọn níbì kan, fílà ló wà lábẹ́ ọ̀dà, tẹ́ ẹ bá sì fà á, fílà á sán, ọ̀dà á ṣí, omi òjò á wọ̀ ọ́, á dógùn-ún. Ẹ má sì fi òòlù lù ú, irin yẹn fẹ́lẹ́, lílù á nà án, tó bá ti nà kò ní dúró sójú kan mọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbí á yọ sọ́hùn-ún. Tọ́dà ò bá ṣí tí ò sí fílà, ẹni tó mọṣẹ́ á yọ ike inú ilẹ̀kùn, á ti irin náà láti ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀, kò nílò ọ̀dà kankan.

Ọmọ Tankẹ: Ẹ ṣeun gan-an. Bọ́ńpà ti jáde lọ́sàn-án òní, ìlà tín-ín-rín kan ló kù níbi tí táyà ọ̀kadà ti kàn án. Àmọ́ Bàbá, òòfà ò lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn níbi tó tẹ̀ yẹn rárá, mo gbé e síbẹ̀, ó já bọ́. Àṣé wọ́n ti lẹ fílà kí n tó ra mọ́tò yìí.

Bàbá Gáréèjì Ọ̀fà: Má fà á o. Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, máa wo ojú ọ̀dà níbẹ̀, tó o bá rí i tó ń là ni kó o tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa họ fílà yẹn kúrò pátá kó tó fi òmíràn sí i.