Ojú-àgbà ni àbí àìríran-nítòsí?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá "àìríran-nítòsí" gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún presbyopia, ìyẹn àìrí nǹkan ìtòsí dáadáa mọ́ tó máa ń bá ojú bí èèyàn bá ń dàgbà. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, mi ò fara mọ́ ọn. Ọmọ ọdún 6 lè má rí nǹkan ìtòsí dáadáa nítorí pé ẹyinjú rẹ̀ kúrú jù, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Èyí tí à ń wá orúkọ fún kì í mú ọmọdé. Nǹkan bí ọmọ ogójì ọdún ló ti máa ń hàn: lẹ́ńsì inú ojú á ti le, kò ní lè wú mọ́ bó ṣe máa ń wú tá a bá fẹ́ wo ohun tó sún mọ́ni.

Aránṣọ mi ní Èbúté-Mẹ́ta ló kó mi sínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó gbé abẹ́rẹ́ sókè níwájú fèrèsé, ó fi itọ́ lọ́ ẹnu òwú, ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀gbẹ́ ni òwú ń gbà. Ló bá pe ọmọṣẹ́ ẹ̀: "Wá bá mi ti òwú yìí bọ abẹ́rẹ́ jàre." Ni mo bá hun "àìrójú-abẹ́rẹ́." Díẹ̀ ló kù kí n fi ránṣẹ́ síbí, àfi bí mo ṣe rántí pé ẹni tí kò ráyè sinmi là ń pè ní ẹni tí kò rójú. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo Èkó ló ní in.

Ojú-àgbà ni tèmi. Ohun tí àwọn Gíríìkì náà sọ nìyẹn: presbys ni àgbà, ops ni ojú. Ẹni tó ní yóò dàrú mọ́ "lójú àgbà," ẹ wò ó: "ó bú u lójú àgbà" àti "ojú-àgbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú un," ibo ni wọ́n ti jọra? Aránṣọ mi, ẹni ọdún 43, ní òun ò tíì dàgbà. Mo ní ojú yín ló dàgbà, mà.

Awò ìkàwé ló rà ní Ìdúmọ̀tà, agbára rẹ̀ jẹ́ +1.50. Agbára kan náà ló wà lápá méjèèjì irú ìyẹn tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ fún títà, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀tún lè yàtọ̀ sí tòsì, mo sì ti ní kó lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò. (Ẹ fi àmì sórí awò o! Ẹnì kan kọ "awo ìkàwé" síbí, àyà mi já.)

Èyí tí òkè rẹ̀ wà fún ọ̀nà jíjìn, tí ìsàlẹ̀ wà fún ìwé ńkọ́? "Awò olójú-méjì" kò lè ṣe é. Èwo nínú awò ni kì í ṣe olójú-méjì?