Scratch lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́: èwo ni kí n lò?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ogbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 1 ní kọ̀ǹpútà. Scratch, ètò tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tí yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2007, ni mo fẹ́ràn jù fún wọn, torí wíwọ́ búlọ́ọ̀kù (àwọn àṣẹ tí a kọ sínú àpótí kéékèèké) àti síso wọ́n pọ̀ kò le. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan kó "move" (rìn) àti "turn 90" (yí ní ìwọ̀n 90) sínú "repeat 4" (tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin), ológbò tó wà lójú Scratch sì rìn yípo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí n tó lanu, ó ti ń ṣàlàyé fún ẹnìkejì rẹ̀ ìdí tó fi jẹ́ 90. Inú mi dùn dọ́ba!

Ìṣòro mi rèé: Windows 7 ló wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà wa, Scratch 3, ẹ̀dà tuntun rẹ̀, sì ń fẹ́ Windows 10 sókè. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì ní kíláàsì. Scratch 1.4, ẹ̀dà àtijọ́, á ṣiṣẹ́ lórí wọn, àmọ́ kò lè ṣí iṣẹ́ tí wọ́n bá fi Scratch 3 ṣe. Ṣé kí n fi 1.4 bẹ̀rẹ̀ ni, àbí kí gbogbo wọn máa pín ìwọ̀nba kọ̀ǹpútà tuntun tó wà lò?

Àwọn òbí kan tún ń sọ pé géèmù lásán ni. Báwo lẹ ṣe ń ṣàlàyé fún wọn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.